Ọ̀dà Ìsàlẹ̀ fún Ìjàpá Onígi Arère

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé orí àgbàlagbà yìí ti dàrú. Mo fẹ́ kí ìyàwó mi padà wálé. Gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀dà tí mo fẹ́ rò yìí, nítorí ìyẹn ni.

Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé ẹ̀kọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí, ọmọ Èsìẹ́ ni ìyàwó mi. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ni wọ́n so wá pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a sì bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Ọmọ náà dàgbà, ó lọ́kọ, ọkọ rẹ̀ ríṣẹ́ sí Pọtakọ́ọ̀tù, wọ́n kó lọ. Títí débẹ̀, kò sí ẹjọ́. Ìgbà tí ó lóyún ni wàhálà tèmi bẹ̀rẹ̀, nítorí ta ni yóò wẹ ọmọ bí kì í bá ṣe ìyá ìyá rẹ̀?

Bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Bí ọmọbìnrin ẹni bá bímọ, ìyá a di ẹrù, a gbé àdí, a gbé kànrìnkàn, a gbé ọṣẹ dúdú, ó di ilé ọkọ ọmọ. Bàbá ńkọ́? Bàbá a lọ síbi ìsọmọlórúkọ, a jẹ, a mu, a gbàdúrà, ilẹ̀ mọ́, a padà sílé ara rẹ̀. Bàbá ìyàwó kì í jókòó sílé àna kí ó máa retí oúnjẹ. Ojú á tì í, ojú á ti àna, ojú á ti ọmọ tó bí pàápàá. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n kò sí ọkùnrin Ìgbómìnà tó nítìjú tí kò mọ̀ ọ́n.

Oṣù mẹ́ta ni ìyàwó mi ní òun fẹ́ lò. Hà! Ọmọ àkọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn, wọ́n tún lóyún. Èkejì já lẹ́nu ọmú, wọ́n tún lóyún. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n á bi mí pé, "Bàbá, Màmá ńkọ́?" N óò ní, "Wọ́n lọ wẹ ọmọ." Lọ́jọ́ kan, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọmọ tí Màmá ń wẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ṣé kò tíì lè wẹ ara rẹ̀ ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo délé, inú bí mi débi pé n kò lè jẹun.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ènìyàn nílé, ẹ ò mọ ohun tí ilé máa ń ṣe nígbà tó bá ku ìwọ nìkan nínú rẹ̀. Ó máa ń dún. Páànù òrùlé á ta, n óò ní, "Ta nìyẹn?" Mo máa ń se iṣu tó pọ̀ jù, torí ọwọ́ mi kò mọ iṣu ẹnì kan. N óò jí láàárọ̀, oòrùn á ti ga kí n tó lanu sọ̀rọ̀, tí mo bá sì sọ ọ́, ohùn mi á há bí ti ẹni tí òtútù mú. Àdánìkangbé ò dáa, ó sì dùn mí. N kò ní purọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti wọ̀ ọ́ nìyí. Nígbà tí ọmọ wa wà ní kékeré, a ní mọ́tò ìjàpá kan, àlòkù, àwọn tí ẹ̀yìn wọn rí róbótó yẹn. Mo gbé e lọ sí Ìlọrin kí wọ́n tún un kùn, wọ́n sì fi ọ̀dà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dóde nígbà náà kùn ún, èyí tí wọ́n ń pè ní péálì. Ọ̀dà yìí kì í dúró sójú kan. Bí oòrùn bá lù ú, a dán bí inú ìkarahun. Bí o bá sún sí ẹ̀gbẹ́, àwọ̀ náà á sún pẹ̀lú rẹ. A gbé e dé Ọ̀mù-Àrán, àwọn ènìyàn ń fọwọ́ pa á lára. A gbé e lọ sí Èsìẹ́, àwọn àna mi ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí òjò pa á. Láti ọjọ́ náà ni èmi àti ìyàwó mi ti ń jiyàn. Èmi ní funfun ni mọ́tò wa. Òun ní àwọ̀ àlùbọ́sà ni. A lò ó gbó, a tà á, a kò parí iyàn.

Nígbà tí ilé wá sú mi, mo ní n óò gbẹ́ mọ́tò náà ní kékeré. Mo sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ ọmọ mi ni mo ń ṣe é fún. Mo ra igi arère lọ́wọ́ àwọn onípákó, mo gé e bí ìwọ̀n ìgúnpá sí ọrùn ọwọ́. Gbígbẹ́ rẹ̀ kò ni mí lára. Arère rọ̀, ó ń gbọ́ ti ọ̀bẹ. Mo yọ ẹ̀yìn rẹ̀ róbótó, mo la fèrèsé, mo gbẹ́ iná iwájú méjèèjì tó rí bí ojú ẹni tí ẹnu ń yà. Taya rẹ̀ ń yí. Mo gbé e sórí tábìlì, mo wò ó, inú mi dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ pípẹ́. Ó wá ku ọ̀dà.

Ẹni tí kò bá tíì fi péálì kun nǹkan rí lè rò pé ọ̀dà ni gbogbo ọ̀dà ń jẹ́. Rárá o. Péálì ò lágbára àtibo nǹkan mọ́lẹ̀. Ó fẹ́lẹ́. Ọ̀dà tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò gbé jáde, yóò kàn máa fún un ní dídán ni. Bí o bá ṣi ọ̀dà ìsàlẹ̀ yàn, kò sí bí o ṣe lè da péálì lé e tó, àwọ̀ tí o ń wá kò ní jáde.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan lójú ọ̀nà Àrándùn tó ń kun mọ́tò. Alájì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ń gba àṣẹ́kù péálì, òun ló sì ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ fọ́n ọn sára igi fún mi, nítorí èmi ò lẹ́rọ. Alájì kì í fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀.

"Tíṣà, funfun ni wọ́n ń kùn sábẹ́ péálì. Ó parí."

"Ta ló ní ó parí?"

"Èmi ni."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi àti Ọlọ́run. Lọ kun funfun sí i, kí o gbé e wá."

Mo délé, mo rántí pé mo ní ọ̀dà funfun kan nínú yàrá ẹrù, àṣẹ́kù èyí tí mo fi kun ilẹ̀kùn. Ọ̀dà olóòróró ni. Mo ní kí ni mo fẹ́ tún máa ra ọ̀dà fún? Mo fi kun ìjàpá mi, mo sá a sínú oyẹ́, ó gbẹ, ó dán. Mo gbé e lọ. Alájì fọ́n péálì sí i lẹ́ẹ̀kan péré. Kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo ara ọkọ̀ ti hunjọ bí ojú ẹ̀kọ tó ń tutù. Tínà, omi líle tí wọ́n fi ń po ọ̀dà mọ́tò, ti jẹ ọ̀dà ilẹ̀kùn dìde.

Alájì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀. "Tíṣà! Ọ̀dà ilẹ̀kùn lo kùn sára mọ́tò? Ṣé o fẹ́ máa fi kọ́kọ́rọ́ tì í ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Mo gbé ọkọ̀ mi, n kò dágbére fún un. Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkókò kí n tó fi pépà ìfági fá gbogbo rẹ̀ kúrò, mo sì ń bú Alájì bí mo ṣe ń fá a, bẹ́ẹ̀ Alájì kọ́ ló kùn ún.

Láti ìgbà náà ni mo ti ní n kò ní fi ọkọ̀ náà dán nǹkan kan wò mọ́. Mo gé arère kéékèèké, mo yọ ẹ̀yìn wọn róbótó bíi ti ìjàpá, mo dí ihò ara igi kó má baà mu ọ̀dà, mo wá kun oríṣiríṣi ọ̀dà ìsàlẹ̀ sí wọn, ọ̀dà mọ́tò lọ́tẹ̀ yìí. Èyí tí mo kun funfun, nígbà tí péálì gun orí rẹ̀, ó dà bíi wàrà. Èyí tí mo kun dúdú, kàyéfì! Ó ń yí sí búlúù, ó ń yí sí àwọ̀ ewé, bí ọrùn ẹyẹlé. Ó dára, àmọ́ mọ́tò wa kọ́. Èyí tó ní àwọ̀ eérú wá dà bí omi tí wọ́n fi fọ abọ́. Mo tún mú ọ̀dà pupa tí àwọn wẹ́dà ń kùn sára géètì kó má baà dípẹtà, mo fi sábẹ́ ọ̀kan. Ìyẹn pọ́n jù, ó dà bí mọ́tò tó rin ọ̀nà Àrán-Ọ̀rin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo po pupa mọ́ funfun, díẹ̀, mo tún dín in kù. Àwọn ẹ̀yìn ìjàpá kéékèèké wá tò lọ bẹẹrẹ lójú fèrèsé mi. Bí oòrùn bá yọ, gbogbo wọn á máa dán, èmi náà á fa àga, n óò jókòó tì wọ́n.

Ọjọ́ ìsinmi ni ìyàwó mi máa ń pè lórí fóònù, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Tẹ́lẹ̀, "Ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé ẹ ń lo oògùn yín?" ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa, á sì ti tán. Nígbà tí mo bi í léèrè àwọ̀ mọ́tò, Ọlọ́run ló mọ̀, ohùn rẹ̀ yí padà.

"Bàbá, àlùbọ́sà ni. Ṣé ẹ ò ní gbà ni?"

"Àlùbọ́sà wo? Èyí tó pupa tàbí èyí tó funfun?"

"Èyí tó pupa, tí wọ́n bá ti bó èèpo òde. Èyí tó tẹ̀lé e nínú."

"Ìyẹn náà funfun."

"Kò funfun! Ó funfun ó tún pọ́n. Ẹ̀yin ni ẹ ò fojú sí i... Ó yá, mo ń bọ̀, ọmọ ti da omi nù."

Fóònù á kú. N óò wá máa fi ọ̀rọ̀ yẹn jẹun títí ọ̀sẹ̀ á fi yí po.

N kì í ṣe òmùgọ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá kun ọkọ̀ náà tán, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé, "Ojú ni a fi ń mọ àwọ̀, a kì í fi etí mọ̀ ọ́n. Wá wò ó." Ọmọ wa gba fóònù, ó ní kí n wá ẹni tí yóò ya fọ́tò rẹ̀ fi ránṣẹ́. Mo ní fọ́tò ò lè mú péálì. Òótọ́ sì ni, fọ́tò ò lè mú un. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣe sùúrù. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." Mo ní, "Èmi tí mo wà nílé ńkọ́, tí orí tèmi ti wọ́?" Mo gbọ́ tó ń mí. Mo ní kó má bínú, kó kí ọkọ rẹ̀.

Kérésì ni ìyàwó mi ní òun ń bọ̀, kò wá. Ó ní Àjíǹde, ọmọ tó kéré jù ń hu eyín, kò wá. Alájì ní, "Tíṣà, kun mọ́tò yìí kí ọkàn rẹ balẹ̀." Mo ní n kò tíì mọ ọ̀dà ìsàlẹ̀ tí n óò lò. Ó wò mí, lọ́jọ́ yẹn kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ó dáa. Péálì wà nílẹ̀."

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ kí ìyàwó mi tó dé. Mo gbọ́ tí ọ̀kadà dúró níwájú ilé, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ń bá ọlọ́kadà jà pé ó gba kòtò. Mo dìde, mo ṣílẹ̀kùn. Ó wọlé, ó ti sanra díẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó dìde, ó wo ògiri, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin àti aláǹtakùn lẹ jọ ń gbé ibí?" Ẹ wò ó, omi bọ́ lójú mi. Mo ní eruku ni.

Kò tíì jẹun tó fi béèrè àwọn igi náà. Mo mú un dé ojú fèrèsé. Kò fi àkókò ṣòfò rárá. Ó kó gbogbo wọn sínú ìró, ó gbé wọn síta sínú oòrùn, ó ń yí wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń ra tòmátì. Ó mú ọ̀kan, èyí tí mo po pupa díẹ̀ mọ́ funfun púpọ̀ sábẹ́ rẹ̀.

"Èyí nìyí. Mo sọ àbí n ò sọ?"

Mo wò ó. Títí di òní tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, funfun ni mọ́tò wa. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi wà nílé, ó dúró nínú oòrùn, inú rẹ̀ ń dùn. Kí ni mo tún fẹ́ fi funfun ṣe? Mo ní, "O sọ. Àlùbọ́sà ni." Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì mo kun ọ̀dà ìsàlẹ̀ náà, ó gbẹ, mo gbé e tọ Alájì lọ, ó fọ́n péálì sí i. Kò hunjọ, kò ṣàn. Alájì ní kò burú fún ẹni tó lọ́dà ilẹ̀kùn nílé.

Mo ń kọrin bọ̀ wálé lọ́jọ́ náà. Mo ní ó tán, ìyàwó mi dé, àwa méjèèjì la ó máa jiyàn nínú ilé yìí títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ó nira fún mi láti sọ èyí tó kù. Ìyàwó mi lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Àwọn náà ti lọ wẹ ọmọ, ẹlòmíràn l'Ékòó, ẹlòmíràn ní Àbújá. Ó lọ sí Èsìẹ́, ó padà wá kíákíá. Ó gbá ilé, ó tún un gbá. Bí fóònù bá dún, a sáré bí ọmọdé. Mo rí gbogbo rẹ̀, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo lọ sẹ́yìnkùlé. Ìyàwó mi ti gbé omi kaná. Ó bù ú sínú bàsíà, ó bu omi tútù lé e, ó ti ìgúnpá bọ̀ ọ́ láti mọ bó ṣe lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó. Ó fa àpótí, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ká ìró kúrò lórí orúnkún, bí àwọn ìyá àgbà ti máa ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ wẹ̀. Ó wá jókòó bẹ́ẹ̀. Kò sí ọmọ. Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí omi fi tutù.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Mo fẹ́ pariwo pé, èmi ńkọ́, ṣé èmi kì í ṣe ènìyàn ni? Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo ń wò. Àárò yẹn ti wà lára mi pẹ́, n kò lè ṣì í mọ̀ lára ẹlòmíràn.

"Màmá, kí lo ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ wẹ̀ ni," ó ní, ó sì da omi náà nù.

Mo jókòó lórí odó tó wà nílẹ̀. Mo ní, "Máa padà lọ."

"Ta ló ní kí n lọ?"

"Èmi ni. Máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ."

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

"Sí ilé àna?"

"Àna yín fúnra rẹ̀ ló ní kí ẹ wá. Ẹ̀ẹ̀melòó ni kó sọ ọ́? Bàbá, ta ni yóò bú yín ní Pọtakọ́ọ̀tù? Ta ló mọ̀ yín níbẹ̀?"

"Èmi mọ ara mi," ni mo wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo jẹ́ kó sun ún.

Mo sìn ín dé gáréèjì ní Ìlọrin. Ó ti fi aṣọ wé ìjàpá náà fún ọmọ, ó gbé e mọ́ àyà. Láti Ọ̀mù-Àrán títí a fi kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, ọ̀rọ̀ oògùn mi ló ń sọ, èyí tí mo gbọ́dọ̀ lò láàárọ̀, èyí tí n kò gbọdọ̀ lò láìjẹun. Mo ń ní, "Mo gbọ́." Nígbà tí a dé gáréèjì, mọ́tò tó ń lọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ìyàwó mi wọlé. Àyè ẹnì kan péré ló ṣẹ́ kù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń pe èrò rí mi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́tò, ó ní, "Bàbá, ẹ wọlé ká máa lọ, ẹ̀yin là ń retí." Ìyàwó mi gbé àpò rẹ̀ kúrò lórí àyè náà, ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó ń wò mí.

Mo ní, "Èmi ò lọ."

Dẹ́rẹ́bà ní òun ò lè gbéra láìkún. Àwọn èrò ń kùn. Oòrùn ń pa wá. Ìyàwó mi kò gbé ojú kúrò lára mi, bẹ́ẹ̀ ni kò gbé àpò yẹn padà síbẹ̀. Mo mọ̀ pé bó bá tún wò mí bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i, n óò wọlé, bí mo bá sì wọlé, n kò ní lè wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́ láyé. Mo kọwọ́ bọ àpò. Mo san owó àyè náà fún dẹ́rẹ́bà, mo ní kí ó máa lọ. Ó béèrè pé, "Bàbá, ta ni yóò jókòó síbẹ̀?" Mo ní kò sẹ́nì kan. Ó gbowó, ó ṣáná sí mọ́tò, wọ́n sì lọ.